Ìlà ẹ̀rọ SPR wa ń sọ̀kalẹ̀ bí oòrùn ṣe ń gòkè, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n mọ̀ bóyá kolaviron, èròjà inú orógbó, máa ń dì mọ́ albumin, prótíìnì kan inú ẹ̀jẹ̀, àti bó ṣe le tó tó bá dì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ SPR tòkunbọ̀ kan la fi ń ṣe é. Ẹni tó tà á fún wa búra pé kò sí ohun tó ń ṣe é.

Wàhálà mi jẹ́ méjì. Ìkíní, mi ò tíì fi nǹkan kan sí i, bọ́fà lásán, omi oníyọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́, ló ń ṣàn lórí chip, pẹlẹbẹ olójú wúrà inú ẹ̀rọ, síbẹ̀ ìlà tó yẹ kó dúró gbọnrangandan ń sọ̀kalẹ̀. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjìlá, ó já wálẹ̀ ní nǹkan bí 60 RU. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún máa gòkè. Ìkejì, bí mo bá ti fi orógbó sí i, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó lé ní 1100 RU. Kò tẹ̀ kọrọdọ bí a ṣe ń rí i nínú ìwé, ó kàn dúró bí ògiri. Bí mo bá sì dá orógbó dúró, ó wó lulẹ̀ bí ògiri náà ni.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ yìí kò lágbára tó, pé ká kọ lẹ́tà béèrè owó, ká fi ra chip tí wọ́n to ẹ̀rún wúrà sí lórí, kí ohun tí à ń rí lè pọ̀ sí i. Kí n tó kọ lẹ́tà ni mo ṣe wá síbí. Ṣé agbára ló kù díẹ̀ káàtó lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: albumin tí mo lẹ̀ mọ́ chip tó 5000 RU. Kolaviron kì í yọ́ dáadáa nínú omi, DMSO, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ nǹkan, ni mo fi ń yọ́ ọ, 1% rẹ̀ ló sì máa ń wà nínú ohun tí mo bá fi sí ẹ̀rọ.

ỌmọṢàgámù · Ajé, 9:31 alẹ́

Orógbó! Àwa ń fi í ṣàdúrà níbi ìkómọ kí ọmọ gbó kó tọ́, ẹ̀yin ń dà á sínú ẹ̀rọ. Ẹ ṣàlàyé fún àwa tí kì í ṣe ará láàbù jọ̀ọ́. Kí ni SPR? Kí sì ni RU? Ṣé owó ni?

TísàÌpẹru · Ajé, 10:05 alẹ́

RU kì í ṣe owó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ló ń gbẹ́ lórí rẹ̀.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Mú dígí onígun mẹ́ta, èyí tí à ń pè ní pírísímù. Fi wúrà bo ojú rẹ̀ kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bí 50 nánómítà. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Wá tan lésà sí wúrà náà láti inú dígí. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó ta padà. Ṣùgbọ́n bí o bá ń yí igun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀, wàá dé igun kan tí èyí tó ń ta padà á ṣàdédé ṣókùnkùn. Níbẹ̀, àwọn ẹ̀lẹ́kítírónì inú wúrà ti gba agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn, wọ́n ń fì pẹ̀lú rẹ̀, bí ọmọdé orí jangilọ́fà tí ẹni tó ń tì í mọ àsìkò. Bí o bá tì í láìmọ àsìkò, kò ní í fì.

Igun yẹn kì í dúró lójú kan. Ohun tó bá wà lẹ́yìn wúrà ló ń yí i. Pẹ̀lú lésà pupa 633 nánómítà àti dígí tó wọ́pọ̀, bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, igun á wà ní nǹkan bí dígíríì 44. Bó bá jẹ́ omi, ó ti lé ní 70. Tí mólékù kan bá wá láti inú omi tó lẹ̀ mọ́ ojú wúrà, igun á tún yẹ̀ ní bíńtín. Bíńtín yẹn ni ẹ̀rọ ń kà ní RU. Tó bá ka 1000 RU, nǹkan bí nánógíráàmù kan prótíìnì ló ti jókòó sórí mílímítà kan níbùú lóròó.

Ní 1968 ni Kretschmann àti Raether ní Jámánì kọ bí wọ́n ṣe ń lo pírísímù olójú wúrà yìí. Ní 1983, Liedberg, Nylander àti Lundström ní Sweden fi rí àwọn prótíìnì tó ń dì mọ́ra. 1990 ni ẹ̀rọ Biacore àkọ́kọ́ dé ọjà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ kò ní í kun mólékù yín ní àwọ̀ kankan kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ ń wò ó bó ṣe ń dé, ẹ sì ń wò ó bó ṣe ń lọ.

ÌyáKẹ́mísítì_Ìkẹ́nnẹ́ · Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Wúrà lẹ wí yìí, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sọ fún mi lọ́jọ́sí pé ìlà pupa inú ìdánwò oyún tí mò ń tà, wúrà ni. Mo ní kó lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ṣé òótọ́ ló sọ ni?

TísàÌpẹru · Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Màámi, ẹ pè é padà, ẹ ra búrẹ́dì fún un. Òótọ́ ni, nínú púpọ̀ nínú wọn. Bí wúrà bá ti kéré dé nǹkan bí 40 nánómítà, kì í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti etí ìyàwó mọ́, ó máa ń pupa bí osùn tí a pò. Ẹ̀lẹ́kítírónì tó ń fì náà ló fà á. Kọ́ọ̀bù kan wà ní British Museum ní London, ti àwọn ará Róòmù ni, ó ti lé ní 1600 ọdún. Bí iná bá wà níta rẹ̀, á dà bí ewé. Bí iná bá wà nínú rẹ̀, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rún wúrà àti fàdákà ló wà nínú dígí rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀lẹ́kítírónì.

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Àdùkẹ́, ọmọ Òde Rẹ́mọ ni mí, Uppsala ní Sweden ni mo ti ń jẹun, ẹ̀rọ yìí gan-an ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Má tíì kọ lẹ́tà yẹn.

Ìlà rẹ tó ń sọ̀kalẹ̀ bí oòrùn ṣe ń gòkè ti jẹ́wọ́. Bí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀, bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ á sì dínkù. Bí ooru bá lé ní ìwọ̀n Celsius kan péré, òǹkà tí a fi ń mọ̀ ọ́n á fi nǹkan bí 0.0001 dínkù. RU kan sì jẹ́ 0.000001. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n ooru kan ń lọ sí bí 100 RU. Ohun tó gba 60 lọ́wọ́ rẹ ò ju ooru tó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ ìwọ̀n lọ, tó yọ́ wọ ibi tí bọ́fà ń gbà kọjá. Ká ní albumin ló ń ṣí kúrò lára chip ni, kò ní í gòkè padà nírọ̀lẹ́. Ohun tí bọ́fà bá ti gbé lọ sínú ike ìdọ̀tí ti lọ nìyẹn.

Wá wo ohun tí o ń wá. Albumin wọ̀n tó 66,500 dáltọ̀n, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn mólékù. GB1, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di kolaviron, wọ̀n 558. Fi 66,500 pín 558, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 5000: 42 RU. Iye tó pọ̀ jù tí o lè rí nìyẹn, bí albumin kọ̀ọ̀kan bá di ẹyọ kan mú, tí gbogbo wọn sì wà láàyè lórí chip. Gbogbo wọn kì í sì í wà láàyè. Bí o bá rí 20, dúpẹ́. Ooru Ìjẹ̀bú nìkan ti jẹ 60 kí orógbó tó dé.

Ògiri tí o rí ńkọ́? DMSO ló mọ ọ́n. DMSO ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ, 1% rẹ̀ nìkan sì lè fún ọ ní ohun tó lé ní 1000 RU. Bọ́fà tó ń ṣàn kò ní DMSO, èyí tí orógbó wà nínú rẹ̀ ní. Ẹ̀rọ ò mọ orógbó yàtọ̀ sí DMSO, gbogbo ohun tó bá tẹ ìmọ́lẹ̀ ló ń kà.

Ká ní o wà ní Ojúde Ọba. Ìbọn ń dún, ìlù ń dún, ẹṣin ń sáré, o wá ń tẹ́tí sí ẹnì kan tó ń wúkọ́ lápá òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀gá yín ní kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lágbára sí i. Ìbọn á kàn tún dún sí i ni.

Ṣe èyí fún mi lónìí: po bọ́fà tó ní 1% DMSO, má fi orógbó kankan sí i, kí o fi sí ẹ̀rọ. Kí o wá sọ iye tó fò fún wa.

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ìṣẹ́gun, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, 1130. Láìsí orógbó.

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń ya ògiri DMSO sínú ìwé mi. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná.

ỌmọṢàgámù · Ìṣẹ́gun, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Pẹ̀lẹ́ o. Ó kéré tán, o mọ ògiri.

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Má bínú, gbogbo wa la ti ya ògiri rí.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Bọ́fà tó ń ṣàn náà gbọ́dọ̀ ní DMSO 1%, láti inú ìgò kan náà, kí o pò ó lọ́jọ́ kan náà. DMSO ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Ìgò tí wọ́n ṣí lánàá kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí o ṣí lónìí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré tó bá yàtọ̀, ó ti tó láti gbé orógbó rẹ mì. Nítorí náà, má ṣe wọn orógbó lọ́tọ̀ kí o wá fojú bu bọ́fà. Yọ́ orógbó nínú DMSO, po èyí mọ́ bọ́fà tí kò ní in rárá kó lè di 1%, lẹ́yìn náà ni kí o máa fi bọ́fà tó ń ṣàn gan-an là á.

Ojú ọ̀nà kejì lórí chip rẹ, tí kò ní albumin, ṣé o ń yọ tirẹ̀ kúrò? Ó yẹ. Àmọ́ albumin tó wà lójú ọ̀nà àkọ́kọ́ ti gba àyè lọ́wọ́ omi, DMSO tó lè wọ ibẹ̀ kò tó ti ojú ọ̀nà kejì. Bí o bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì lásán, àṣìṣe díẹ̀ á ṣì kù. Po bọ́fà mélòó kan tí DMSO wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.5% dé 1.5%, fi wọ́n sí ẹ̀rọ, kí o fi ìyàtọ̀ ojú ọ̀nà méjèèjì ya ìlà tí wàá fi máa tún gbogbo òǹkà rẹ ṣe. Lẹ́yìn náà, máa fi bọ́fà tí kò ní orógbó sáàárín iṣẹ́, kí o yọ òun náà kúrò. Ó ń sú ni o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

Kí o tó dé orí orógbó, fi warfarin dán an wò. 308 ló wọ̀n, a sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń dì mọ́ albumin. Lórí 5000 RU rẹ, kò lè ju nǹkan bí 23 lọ. Bí o kò bá rí warfarin, má tíì bá mi sọ̀rọ̀ orógbó.

ÌyáKẹ́mísítì_Ìkẹ́nnẹ́ · Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Warfarin yìí kan náà tí wọ́n ń kọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì? Mo ní i lórí pẹpẹ.

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ìṣẹ́gun, 8:51 alẹ́

Òun náà ni, Màámi, ṣùgbọ́n ògidì ti láàbù ni kó lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun ṣe oníhóró. Nínú 100 tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 99 ló ń dì mọ́ albumin. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù ló ń ṣiṣẹ́. Bí orógbó bá gba àyè rẹ̀ lára albumin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lè pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè Àdùkẹ́ fi ṣe pàtàkì, àwọn tó ń jẹ orógbó pọ̀, àwọn tó ń lo oògùn náà sì pọ̀.

Nánó_Àgọ́Ìwòyè · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti lé ẹ̀rún wúrà kúrò láwùjọ láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀rún wúrà so mọ́ áńtíbọ́dì, prótíìnì tó ń di ohun tí à ń wá mú, ohun tí kò hàn rárá á di ńlá. Iṣẹ́ tí mo ti rí lórí ẹ̀ pọ̀.

Èyí tó tún ṣe kókó: chip oníhóró wúrà tí ẹ̀lẹ́kítírónì ń fì lórí hóró kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 30 nánómítà kó tó kú. Ti wúrà pẹlẹbẹ yín ń jìn dé bí 200 nánómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòtò omi tó ń wò tóbi, ìdí nìyẹn tí ooru àti DMSO fi ń dà á láàmú. Ẹni tó bá ń wo ẹnu ọ̀nà nìkan ò ní í gbọ́ ariwo ìgboro.

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ọjọ́rú, 9:33 àárọ̀

O jàre lórí èyí tó kẹ́yìn, mo gbà fún ọ. Agbára tí kò jìnnà kì í jẹ́ kí ooru omi yọ ni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ rántí pé dextran, jẹ́ẹ̀lì oníṣúgà orí chip tí albumin Àdùkẹ́ wà nínú rẹ̀, ga tó bí 100 nánómítà. Lórí chip tìrẹ, ọ̀pọ̀ albumin á wà níbi tí ojú kò tó. Á ní láti fi wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú wúrà gan-an, iye tí yóò sì gbà á kéré sí i.

Ti àkọ́kọ́, má pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí o bá ń wá bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kò sí, fi ẹ̀rún wúrà so ó, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tí Àdùkẹ́ ń wá ni bó ṣe ń yá dé, tó sì ń pẹ́ lọ. Bí o bá so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, o ò lè sọ pé bó ṣe máa ń rìn nìyẹn.

Nánó_Àgọ́Ìwòyè · Ọjọ́rú, 9:50 àárọ̀

Mo gbà. Àmọ́ mo ṣì máa kọ lẹ́tà owó tèmi o.

TísàÌpẹru · Ọjọ́rú, 3:25 ọ̀sán

Lórí ọ̀rọ̀ ooru: èmi ti kọ́ SPR kékeré kan sílé rí, pírísímù, lésà àti kámẹ́rà fóònù àlòkù. Ọwọ́ mi tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ti tó láti yẹ ìlà dúdú náà. Kúlà tí ìyá àwọn ọmọ mi fi ń gbé ẹja yìnyín ni mo gbé bò ó nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ike omi méjì nínú rẹ̀ kí ooru má máa yára wọlé jáde. Ó dúró. Ilé gbogbo rùn ṣíkà, ṣùgbọ́n ìlà dúró.

Àdùkẹ́, níbo ni bọ́fà yín máa ń wà kí ẹ tó lò ó?

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ọjọ́rú, 4:02 ọ̀sán

Inú fíríìjì, Tísà. Mo máa ń gbé e tààrà sí ẹ̀rọ. Ṣé mo tún ti ṣẹ̀ ni?

TísàÌpẹru · Ọjọ́rú, 4:10 ọ̀sán

Ṣé o kì í rí ohun tó ń ta ṣóńṣó sókè lójijì lórí gíráàfù, tó tún pòórá?

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ọjọ́rú, 4:11 ọ̀sán

Mo máa ń rí i. Mo rò pé iná tó ń ṣe ségesège ni.

TísàÌpẹru · Ọjọ́rú, 4:19 ọ̀sán

Afẹ́fẹ́ ni. Omi tútù ń gbé afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá dé inú ẹ̀rọ tó gbóná, á pọ̀ ọ́ jáde, ìhó kékeré á gorí wúrà. Gbé bọ́fà jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yọ kí o tó lò ó.

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ọjọ́rú, 7:00 alẹ́

Gbogbo ẹnu ni mo fi ti ọ̀rọ̀ Tísà lẹ́yìn, yàtọ̀ sí ti ẹja. Bí iná bá ń lọ, so ẹ̀rọ náà mọ́ ínfátà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan. Apá tó ń mú ooru rẹ̀ dúró, bó bá kú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè gbà tó wákàtí méjì kó tó fara balẹ̀. Máà jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí i lára.

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:45 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti padà wá.

A gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé oòrùn aago mẹ́wàá máa ń kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, mo kàn ṣàkíyèsí ojú ìmọ́lẹ̀ lórí tábìlì ni. Kúlà tuntun la gbé bo bọ́fà, kì í ṣe ti ẹja. Ìlà tó ń já 60 tẹ́lẹ̀ kì í já ju 4 lọ ní wákàtí méjì báyìí. Ṣóńṣó ti lọ.

Warfarin: mo rí 14 RU níbi tó pọ̀ jù, ó tẹ̀ kọrọdọ dáadáa. Mo pariwo nínú láàbù, àwọn ará yàrá kejì sáré wá wò ó.

Orógbó ló wá ya mí lẹ́nu. Nígbà tó kéré, mo rí 8, mo rí 15. Bí mo ṣe ń fi kún un, kò dúró, ó lọ 60, ó lọ 110, ó kọjá 190. Kò sì wálẹ̀ tán nígbà tí mo dá a dúró. Ṣebí 42 lẹ sọ pé kò lè kọjá?

Ẹ̀gbọ́nUppsala · Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

14 lórí warfarin! Oríire. Ó fi hàn pé albumin rẹ tó wà láàyè lé díẹ̀ ní ìdajì.

Ti orógbó: albumin ní ju ibi kan lọ tí nǹkan lè dì mọ́, nítorí náà 80 kò ní í dẹ́rù bà mí. 190 tí kò dúró, tí kò sì lọ, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gàrí tí omi rẹ̀ kò tó: ó ń ṣù. Àwọn mólékù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣù mọ́ra nínú omi, ìṣùpọ̀ wọn á sì máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Fi Tween 20, irú ọṣẹ kan, sínú bọ́fà, 0.05%, kí o tún un ṣe. Ohun tó bá pòórá kì í ṣe ìdìmọ́ra tòótọ́.

Èkejì, o kò lè mọ ka àti kd, ìyẹn bó ṣe ń yá dé àti bó ṣe ń yá lọ, láti inú kolaviron. Kì í ṣe ẹyọ kan. GB1 wà níbẹ̀, GB2 wà níbẹ̀, kolaflavanone wà níbẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń kan ilẹ̀kùn, o ò lè fi ìró rẹ̀ mọ ọwọ́ ta ló wúwo. Yà wọ́n sọ́tọ̀ kọ́kọ́.

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ẹtì, 1:30 ọ̀sán

Mo fi Tween sí i. 190 di 37, ó sì wálẹ̀ tán.

Nánó, ṣé ẹ ní ọ̀wọ̀n tí ẹ fi ń ya èròjà sọ́tọ̀ ní ọ̀dọ̀ yín?

Nánó_Àgọ́Ìwòyè · Ẹtì, 1:41 ọ̀sán

Ó wà. Gbé kolaviron tìrẹ wá lọ́jọ́ Ajé, kó pọ̀ díẹ̀ o, GB1 tó máa jáde níbẹ̀ kì í tó nǹkan.

Àdùkẹ́Mọ̀lípà · Ẹtì, 1:44 ọ̀sán

Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màá tún fa òmíràn láti inú orógbó tútù.

ỌmọṢàgámù · Ẹtì, 1:52 ọ̀sán

Níbi tí mo ti ń dúró dè yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Ọjọ́ ọjà Ṣàgámù ni ọ̀la, kìlómítà kan sí ọ̀dọ̀ alorógbó. Kílò mélòó?